Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi wá nípa lọ́yà tó ń rí sí ilẹ̀ àti ilé l'Ógbómọ̀ṣọ́

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kláàkì ní ọ́fíìsì lọ́yà níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń gbé wá lójoojúmọ́, ìyá tó fẹ́ ra plọ́ọ̀tì kan ní Arówómọ̀lé ń bi wá, ẹni tó wà ní Kánádà náà ń bi wá lórí WhatsApp. Mo wá kó wọn jọ síbí. Èmi kì í ṣe lọ́yà o, ohun tẹ́ ẹ bá kà níbí, ẹ gbé e lọ bá lọ́yà tiyín kẹ́ ẹ fi bi í ní ìbéèrè tó dáa.

Kí ni iṣẹ́ lọ́yà gan-an tí èèyàn bá ń ra ilẹ̀ tàbí ilé?

Ọ̀pọ̀ rò pé kó tẹ àgírímẹ́ǹtì, kó lu stáǹpù, kó gbowó ẹ̀ ni. Ìyẹn ló kẹ́yìn. Iṣẹ́ tó máa gbà yín lọ́wọ́ ẹjọ́ gbọ́dọ̀ ti wáyé kó tó kan ìwé títẹ̀: ta ló ni ilẹ̀ yìí, ṣé ẹni tó ń tà á lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á, ṣé ìjọba ò ti gbà á, ṣé kò sí ẹjọ́ lórí ẹ̀, ṣé wọn ò ti fi dúró ní báńkì.

Tí gbogbo ẹ̀ bá mọ́ ló máa tó wá kọ ìwé, á bójú tó bẹ́ ẹ ṣe ń sanwó, á sì gbé ìwé lọ fún ìjọba kí wọ́n lè fi orúkọ yín sí àkọsílẹ̀ wọn.

Ejẹ́ńtì ní òun lè bá mi kọ àgírímẹ́ǹtì, ṣé dandan ni kí n wá lọ́yà?

Ejẹ́ńtì lè mú yín dé orí ilẹ̀, ó lè bá yín dúnàádúrà, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. Òfin tó ń darí iṣẹ́ lọ́yà ní Nàìjíríà, Legal Practitioners Act, sọ ní abala 22 pé ẹni tí kì í ṣe lọ́yà tó bá gbowó láti kọ ìwé tó jẹ mọ́ ilẹ̀ tàbí ilé ti dáràn. Kì í ṣe ejẹ́ńtì nìkan o, ẹni tó ń tẹ̀wé ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó ní àgírímẹ́ǹtì kan nínú kọ̀ǹpútà, tó kàn ń pààrọ̀ orúkọ ẹni tó rà àti ẹni tó tà, òun náà wà níbẹ̀.

Ìwé tí lọ́yà bá kọ máa ń ní orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀, pẹ̀lú stáǹpù àti èdìdì NBA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, tó ní orúkọ òun fúnra ẹ̀ lára. Tẹ́ ẹ bá rí ìwé ilẹ̀ tí kò ní, ẹ béèrè ta ló kọ ọ́.

Ìgbà wo ni kí n pe lọ́yà?

Kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Mo mọ̀ pé ejẹ́ńtì máa ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá sanwó lọ́la, ẹ tètè fi nǹkan kékeré sílẹ̀. Èmi tí mò ń kọ èyí ti gbọ́ irú ẹ̀ rí, mo san ìdajì owó plọ́ọ̀tì kan lójú ọ̀nà Ìlọrin láì sọ fún ọ̀gá mi, torí ẹ̀rù ń bà mí pé ilẹ̀ náà á bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìgbà tá a gbé súfeè ẹ̀, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀ náà, lọ ṣàyẹ̀wò n'Íbàdàn la rí i pé ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Ọdún méjì ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀ kí àwọn tó tà á fún mi tó dá díẹ̀ padà nínú owó yẹn, ìyókù ò padà wá mọ́. Ọjọ́ mélòó kan péré ni àyẹ̀wò yẹn ì bá gbà mí tí mo bá ti kọ́kọ́ ṣe é.

Tó bá di dandan kẹ́ ẹ fi nǹkan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sínú ìwé pé owó náà á padà tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ilẹ̀ náà ní wàhálà, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tó máa padà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé lọ́yà gidi ni?

Gbogbo lọ́yà ní Nàìjíríà ló forúkọ sílẹ̀ ní kóòtù tó ga jù lọ l'Ábùjá, oníkálukú ló ní nọ́ḿbà tiẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ḿbà yẹn, kò sí ìwọ̀sí níbẹ̀. NBA ní ẹ̀ka l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí, àwọn lọ́yà ìlú mọ ara wọn, tẹ́ ẹ bá dárúkọ ẹnì kan lọ́dọ̀ wọn wọ́n á sọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún yín. Ẹ tún béèrè bóyá iṣẹ́ ilẹ̀ ló ń ṣe, torí lọ́yà tó mọ ẹjọ́ ọ̀daràn bí ẹní mowó lè má dé ọ́fíìsì ilẹ̀ rí.

Ṣé lọ́yà kan náà lè ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá níbi tí ìdílé tó ń tà bá ti ní lọ́yà tí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tó bá rà nínú ilẹ̀ wọn lọ bá. Èmi ò fara mọ́ ọn. Lọ́yà tí ìdílé ń lò, ire ìdílé ló ń wá, tó bá rí ihò nínú ìtàn ilẹ̀ wọn ṣé ẹ̀yin ló máa wá sọ fún? Tí wọ́n bá fi dandan lé e pé òun ló máa kọ ìwé, kó kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ wá lọ́yà tiyín tó máa ṣàyẹ̀wò, tó sì máa ka ìwé yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

Èló ni lọ́yà ń gbà?

Lọ́dọ̀ wa níbí, ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dá lé, ìyẹn ni pé plọ́ọ̀tì tó bá jẹ́ 3 mílíọ̀nù náírà, ẹ ẹ́ máa retí 150,000 sí 300,000. Tí ilẹ̀ bá wọ́n gan-an ìdá yẹn máa ń sọ̀kalẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ gbé òfin tuntun jáde ní 2023 lórí owó iṣẹ́ lọ́yà, ẹ lè ní kí lọ́yà yín fi hàn yín. Ẹ lè bá a dúnàádúrà, kì í bínú.

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé wọn ò sọ ohun tó wà nínú owó yẹn àtohun tí kò sí níbẹ̀. Owó àyẹ̀wò n'Íbàdàn, owó ọkọ̀, owó súfeyọ̀, stamp duty (owó tí ìjọba ń gbà lórí ìwé), owó ìforúkọsílẹ̀, owó Governor's Consent (àṣẹ gómìnà), ọ̀tọ̀ ni gbogbo ìwọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ló sì jẹ́ pé àpò ìjọba ló ń lọ. Ẹ ní kí lọ́yà kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kan kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì ìjọba fún èyí tó jẹ́ ti ìjọba.

Lọ́yà ní òun fẹ́ lọ ṣe search. Ibo ló ń lọ, kí ló ń wá?

Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ, ní Sẹkitéríà Agodi n'Íbàdàn. Tí ilẹ̀ náà bá ti ní C of O (Certificate of Occupancy, ìwé ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba) tàbí deed (ìwé tó gbé ilẹ̀ fún ẹni tó rà á) tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, fáìlì ẹ̀ wà níbẹ̀, inú fáìlì yẹn ni wọ́n ti máa rí i bóyá ẹni tó ń tà á ti fi yáwó ní báńkì tàbí ó ti tà á fún ẹlòmíì. Ó tún máa dé ọ́fíìsì Surveyor-General, ìyẹn olórí àwọn súfeyọ̀ ìjọba, níbi tí wọ́n á ti gbé nọ́ḿbà inú súfeè yẹn lé àwòrán ńlá tí ìjọba ní lọ́wọ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba. Íbàdàn jìnnà sí wa tó nǹkan bíi 100 kìlómítà, ẹ fún un lówó ọkọ̀ kó lọ, ẹ má jẹ́ kó fi fóònù ṣe é.

Tí ilẹ̀ ò bá tíì ní fáìlì kankan, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ìdílé tiwa ṣe rí, àyẹ̀wò Íbàdàn nìkan ò tó. Ó gbọ́dọ̀ lọ wò ní kóòtù gíga tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ àti ní kóòtù ìbílẹ̀ bóyá ẹjọ́ wà lórí ẹ̀, torí ilẹ̀ tó wà ní kóòtù tẹ́ ẹ lọ rà, ìdájọ́ tó bá jáde máa kan ẹ̀yin náà.

Kó sì dé orí ilẹ̀ fúnra ẹ̀. Ẹni tó kọ́lé sẹ́yìn ilẹ̀ yẹn, ẹni tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, àwọn àgbà agboolé, wọ́n mọ ohun tí kò sí nínú fáìlì. Mo rántí plọ́ọ̀tì kan ní ọ̀nà Under G tí ìwé ẹ̀ pé pérépéré, ìyá kan tó ń din àkàrà níwájú ẹ̀ ló bojú wò wá tó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ jẹ́ ẹnì kẹrin tó máa rà á?" Ibẹ̀ la ti yí mọ́tò padà.

Mo ti rí súfeè lọ́wọ́ wọn, ṣé ìyẹn ò tó?

Súfeè ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tóbi tó, kò sọ ẹni tó ni ín. Súfeyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ SURCON, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn súfeyọ̀ láṣẹ, ló gbọ́dọ̀ wọn ilẹ̀ náà, òkúta tí wọ́n rì sí igun ẹ̀ ní nọ́ḿbà lára, nọ́ḿbà yẹn gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. Ó tún gbọ́dọ̀ fi ẹ̀dà kan, tí wọ́n ń pè ní red copy, ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Surveyor-General. Tí red copy ò bá sí níbẹ̀, ìjọba ò mọ̀ nípa súfeè yẹn.

Nípa ìwọ̀n: plọ́ọ̀tì lọ́dọ̀ wa sábà máa ń jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100, ó jẹ́ nǹkan bíi 464 mítà onígun mẹ́rin. Ẹni tó ti Èkó bọ̀ máa ń rò pé 60 sí 120 ni, ìyẹn nǹkan bíi 669. Ẹ béèrè èwo ni wọ́n ń tà kẹ́ ẹ tó dúnàádúrà.

Ilẹ̀ ìdílé ni, ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i?

Olórí ẹbí, àti àwọn àgbà tó ń ṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan. Kóòtù ti là á mọ́lẹ̀ láti 1959 nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika: táwọn ọmọ ẹbí bá tà á láì sí olórí ẹbí níbẹ̀, títà yẹn ò sí rárá, bíi pé wọn ò tà á ni. Tí olórí ẹbí bá tà á lórúkọ ẹbí láì gba ẹnu àwọn àgbà yòókù, àwọn yòókù lè lọ sí kóòtù kí wọ́n wọ́gi lé e. Tó bá wá tà á bíi pé tòun nìkan ni, ìyẹn náà ò dúró.

Ibi tí wàhálà pọ̀ sí ni mímọ ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí gan-an. Ẹni tó jókòó sórí àga tó ń gba owó lè má jẹ́ ẹni tí gbogbo ojúlé gbà. Mo ti rí ìdílé kan tí ojúlé méjì ní Mọ́gàjí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń ta ilẹ̀ kan náà. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ á ní kí wọ́n ṣèpàdé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí, orúkọ oníkálukú, ojúlé ẹ̀, fọ́tò ẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè àwọn ọmọ obìnrin ilé náà. Ọmọ obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ bàbá ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ì báà lọ́kọ síbikíbi. Àwọn ni wọ́n máa ń gbàgbé láti pè, èyí tí kò dáa rárá, àwọn náà ló sì ń gbé ẹjọ́ dìde lọ́dún márùn-ún sí i tẹ́ ẹ bá ti ń kan páànù.

Bàbá wa ti kú, a fẹ́ ta ilé ẹ̀, ìwé ilé sì wà lọ́wọ́ wa. Kí ló kù?

Orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé, bàbá ò sì lè fọwọ́ sí i mọ́. Tí bàbá bá ṣe wíìlì, àwọn tó yàn sínú ẹ̀ láti pín ogún á lọ gba probate, ìyẹn ìwé àṣẹ kóòtù láti ṣe ohun tí wíìlì wí, ní kóòtù gíga. Tí kò bá ṣe é, ìyàwó tàbí àwọn ọmọ á lọ gba letter of administration, ìyẹn ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún, níbẹ̀ kan náà. Àwọn tí orúkọ wọn bá wà lórí ìwé yẹn ló lè fọwọ́ sí títà. Ó máa ń pẹ́, torí wọ́n gbọ́dọ̀ kéde ẹ̀ kẹ́ni tó bá fẹ́ takò ó lè sọ̀rọ̀, fún ìdí èyí ẹ má tíì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Tí ilé náà bá jẹ́ ilé ìdílé tí ẹ ò tíì pín, kò sẹ́ni tó lè dá ta yàrá tiẹ̀. Bóyá ìdí igi (ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀) lẹ fẹ́ fi pín in ni o, orí ò jorí (ọmọ kọ̀ọ̀kan) ni o, ẹ parí ẹ̀ láàárín ara yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú lọ́yà, kẹ́ ẹ tó mú ẹni tó fẹ́ rà á wọlé. Ilé tí ọmọ ìyá kan tà láì sọ fún ọmọ ìyá kejì, ẹni tó rà á ló ń jìyà ẹ̀ jù, ẹni tí kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni ni.

Rìsíìtì, àgírímẹ́ǹtì, deed of assignment, C of O: kí ló yà wọ́n?

Rìsíìtì ń sọ pé ẹ sanwó. Àgírímẹ́ǹtì ń sọ pé ẹ ti jọ fẹnu kò láti rà á àti láti tà á. Deed of assignment lèyí tó ń gbé ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó tà bọ́ sọ́wọ́ yín, òun náà ló máa lọ fún ìforúkọsílẹ̀. C of O wá láti ọwọ́ ìjọba, 99 ọdún ló sábà máa ń jẹ́, wọ́n á sì máa gba owó ilẹ̀ lọ́dọọdún lórí ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ìlú yìí ti kọ́lé sórí rìsíìtì lásán láti nǹkan bí ogún ọdún, tí ẹnikẹ́ni ò yọ wọ́n lẹ́nu. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ tà á tàbí tí wọ́n fẹ́ fi yáwó ni wọ́n máa ń mọ̀.

Tí C of O bá ti wà, ṣé ọkàn mi lè balẹ̀?

Kò tíì lè balẹ̀ tán. Kóòtù tó ga jù lọ ti sọ ọ́ ní 1990 nínú ẹjọ́ Ogunleye àti Oni pé C of O kàn ń fi hàn lójú lásán ni pé ẹni náà ló ni ilẹ̀, tí ẹni tó ni ilẹ̀ gan-an bá jáde tó sì fi hàn pé tòun ni, C of O yẹn lè wó. Ẹ ṣì ní láti mọ bí ẹni tó gba C of O ṣe rí ilẹ̀ náà.

Kí ni Governor's Consent, ṣé mo lè fò ó?

Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 1978, Land Use Act, ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Abala 22 ní ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ò gbọ́dọ̀ gbé e fún ẹlòmíì láì jẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Abala 26 ní èyí tó bá lòdì sí i ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, kóòtù tó ga jù lọ fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀, báńkì ló pàdánù níbẹ̀ torí pé wọ́n fi ilé dúró láì gba àṣẹ gómìnà.

Ó ń ná ni lówó, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé ó di ọjọ́ mìíì. Ó yé mi tẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, owó ò rọrùn. Ṣùgbọ́n kẹ́ni tó tà á fún yín tó kú tàbí kó tó rìnrìn àjò, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí gbogbo ìwé tí ẹ máa nílò fún un, kẹ́ ẹ kó o pa mọ́. Àwọn ìdílé tí mo ti rí tí ọmọ ní kí wọ́n san owó tuntun kóun tó fọwọ́ sí ohun tí bàbá òun ti tà, wọ́n pọ̀.

Màmá tó ń ta ilẹ̀ fún mi kò kàwé. Ṣé ìtẹ̀ka wọn tó?

Ó tó, tí lọ́yà bá ṣe é bó ṣe yẹ. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò kàwé ní kí ẹni tó kọ ìwé náà fi orúkọ àti àdírẹ́sì ẹ̀ sí i, kí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ti ka gbogbo ẹ̀ fún màmá ní Yorùbá, pé ó yé wọn dáadáa kí wọ́n tó tẹ̀ka. Ẹ má fojú kéré gbólóhùn yẹn. Kí wọ́n kà á fún wọn lóòótọ́ o, pẹ̀lú iye owó àti ìwọ̀n ilẹ̀, lójú ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n wọn kan. Màmá tó mọ ohun tóun tà ò ní padà wá bá yín jà.

Báwo ló ṣe yẹ kí n san owó náà?

Báńkì ni. Láti 2022, òfin tó ń gbógun ti owó ìdọ̀tí ò gbà kí ẹnì kan san káàṣì tó ju 5 mílíọ̀nù náírà lọ, ilé-iṣẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ ju 10 mílíọ̀nù. Yàtọ̀ sí ti òfin, àkọsílẹ̀ báńkì ò ní gbàgbé, ẹnu èèyàn lè gbàgbé.

Tó bá jẹ́ ìdílé, kó lọ sí àkáǹtì tí wọ́n kọ sínú ìpinnu ìpàdé wọn, kó má lọ sí ti ọmọ ilé kan tó ní òun á bá wọn pín in. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí owó gba ọwọ́ lọ́yà kọjá, òfin ní kí lọ́yà ní àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún owó oníbàárà, ẹ ní kó fún yín ní nọ́ḿbà èyí, kó má jẹ́ àkáǹtì tó fi ń ra epo mọ́tò.

Òkè òkun ni mo wà, ṣé àbúrò mi lè bá mi rà á?

Ó lè bá yín rà á, ẹ fún un ní power of attorney, ìyẹn ìwé tó fún un láṣẹ láti ṣojú yín, tó sọ ohun tó lè ṣe àti ibi tí agbára ẹ̀ pin sí, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i níwájú notary public (ẹni tí òfin fún láṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé) níbi tẹ́ ẹ wà. Kí orúkọ yín, kì í ṣe tiẹ̀, wà lórí deed àti súfeè. Ẹ gba lọ́yà tó máa bá ẹ̀yin gan-an sọ̀rọ̀ tààrà, tó máa fi àbájáde search ránṣẹ́ sí yín kẹ́ ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Kì í ṣe pé àbúrò yín ò ṣeé fọkàn tán o, òun náà máa ní ẹni tí wọ́n jọ pín ẹrù náà.

Power of attorney ni wọ́n fún mi nígbà tí mo ra ilẹ̀. Ṣé ilẹ̀ ti di tèmi?

Power of attorney ń sọ yín di ẹni tó ń ṣojú oní-nǹkan, kò gbé nǹkan náà fún yín. Kóòtù tó ga jù lọ sọ bẹ́ẹ̀ ní 1993 nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara. Tó bá jẹ́ òun nìkan ló wà lọ́wọ́ yín, ẹ wá ẹni tó tà á fún yín nígbà tó ṣì wà láyé, kó fọwọ́ sí deed.

Èmi ni mò ń tà. Kí ni mo fẹ́ fi lọ́yà ṣe?

Ẹni tó ń tà náà ń jìyà o, wọn ò kàn ń sọ ọ́ ni. Ẹni tó ní òun á san díẹ̀díẹ̀, tó san ìdajì tó ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ lé e? Lọ́yà yín ló máa kọ ọjọ́ tí owó máa parí sínú ìwé, àtohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí kò bá parí. Ẹ má fi ojúlówó ìwé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kí owó tó pé, ẹ̀dà lẹ máa fún wọn. Tí ayálégbé bá wà nínú ilé, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ rà, torí ìwé ìkúrò nílé ní àkókò tiẹ̀ lábẹ́ òfin. Ẹ sì bi lọ́yà yín nípa owó orí lórí èrè tẹ́ ẹ bá jẹ, òfin owó orí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026.

Ilẹ̀ oko ni mo fẹ́ rà, lápá Oríire tàbí Sùúrùlérè. Ṣé ó yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ gan-an. Ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé lórí oko náà, tí bàbá ẹ̀ àti bàbá bàbá ẹ̀ ti ń dáko níbẹ̀, lè jẹ́ àgbàtọ́ọ́lẹ̀, ẹni tí onílẹ̀ gbà láyè láti máa dáko, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀. Bó ti wù kó pẹ́ tó, àgbàtọ́ọ́lẹ̀ ò lè ta ilẹ̀. Àwọn onílẹ̀ náà ò sì lè tà á bíi pé kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, torí kajú àti máńgòrò tó gbìn, tiẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà pe àwọn méjèèjì jókòó, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa san lórí igi, kí wọ́n kọ ìgbà tó máa kórè kẹ́yìn. Ilẹ̀ oko tí wọ́n rà láì ṣe èyí ló ń di ìjà.

Nípa àṣẹ, ilẹ̀ tí kò sí nígboro wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, abala 21 òfin 1978 ni ẹ máa lọ wò. Ẹ mọ ìwọ̀n pẹ̀lú: hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 mítà onígun mẹ́rin, éékà kan jẹ́ nǹkan bíi 4,047.

Wọ́n ti ta ilẹ̀ kan náà fún èmi àti ẹlòmíì, ta ló ni ín?

Tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ni ín lóòótọ́ lẹ ti rà á, ẹni tó kọ́kọ́ rà ló sábà máa ń borí, torí ẹni tó ti ta ilẹ̀ ò ní nǹkan kan mọ́ tó lè tà. Ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ lè yí i padà, bẹ́ẹ̀ sì ni bóyá ẹnì kejì mọ̀ pé wọ́n ti tà á. Kóòtù gba ọ̀nà márùn-ún láti fi hàn pé èèyàn ló ni ilẹ̀, láti ìgbà ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976: ìtàn ìdílé, ìwé, lílo ilẹ̀ bí oní-nǹkan, pípẹ́ lórí ẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ẹ má fi ọlọ́pàá dá ẹjọ́ yìí, ẹ má sì gbé katakata lọ lóru. Ẹ gbé gbogbo ìwé yín lọ bá lọ́yà lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Mo ti sanwó tán kí n tó ka èyí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹ ṣe search nísinsìnyí, ohun tẹ́ ẹ bá rí ló máa sọ ohun tó kàn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, kí lọ́yà kọ deed, kẹ́ ẹ wá àwọn tó tà á kí wọ́n fọwọ́ sí i. Tí kò bá mọ́, ẹ má kọ́ nǹkan kan síbẹ̀, kí lọ́yà kọ lẹ́tà fún wọn láti béèrè owó yín.

Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní kí n san owó ìpìlẹ̀, owó páànù. Ṣé òfin ni?

Kì í ṣe òfin. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣe òfin tó de àwọn ajagungbalẹ̀ láti 2016. Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́dọ̀ jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sínú deed látìbẹ̀rẹ̀ pé ìdílé ò ní gba owó kankan mọ́ lẹ́yìn títà, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Táwọn ọmọ bá dé, ẹ mú wọn lọ bá àwọn bàbá wọn tó fọwọ́ sí i, ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ti ń parí lójú mi.

Lọ́yà mi gba owó tán, kò gbé fóònù mọ́. Ta ni mo lè fi sùn?

Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i, kẹ́ ẹ sọ iye tẹ́ ẹ san, ọjọ́ tẹ́ ẹ san án, iṣẹ́ tó ní òun máa ṣe, kẹ́ ẹ fún un lọ́jọ́ méje sí mẹ́rìnlá. Ẹ mú ẹ̀dà dání. Tí kò bá dáhùn, ẹ lọ bá ẹ̀ka NBA tó wà nílùú, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé ìpè kan láti ọ̀dọ̀ wọn ló ń jẹ́ kó gbé fóònù. Tó bá jẹ́ pé ó jẹ owó oníbàárà, ìgbìmọ̀ tó ń bá àwọn lọ́yà wí, LPDC, wà lókè, wọ́n lè yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn lọ́yà.

Ẹ tún lè gba fáìlì yín lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e fún lọ́yà mìíì, ìwé yín ni. Tó bá ní ẹ ṣì jẹ òun lówó, ẹ jẹ́ kó kọ iye ẹ̀ àti ohun tó fi ṣe sílẹ̀, kí lọ́yà tuntun bá a yẹ̀ ẹ́ wò.